Òkè Fako Nínú Máàpù Moisel

Ẹ tẹ́ abala Buea sórí tábìlì, nínú máàpù Kamẹrúùn tí Max Moisel ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Berlin ṣáájú ogun 1914. Ojú yín á kọ́kọ́ lọ síbi tí ilẹ̀ ti ga jù. Òkè Fako nìyẹn, òkè oníná. Àwọn Bakweri tó ni ín ń pè é ní Mongo ma Ndemi. Ó lé ní 4,000 mítà, láti etí òkun gan-an ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ya máàpù náà ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹsẹ̀ làwọn awọnlẹ̀ fi rin ilẹ̀ náà, kọ́ńpáàsì lọ́wọ́, aago lápò, alááru lẹ́yìn. Iye wákàtí tí wọ́n fi rìn ni wọ́n fi ń ṣírò bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá dé, orúkọ abúlé á kún ibẹ̀. Ibi tí kò bá dé, funfun ni wọ́n fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọdẹ mọ ipa erin nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ láìní pépà lọ́wọ́.

Igbó Fako kì í ṣe igbó kékeré. Ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ òkè níhà òkun, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan ń sún mọ́ 10,000 mìlímítà. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá gòkè, òùngbẹ lè gbẹ yín, torí òkúta ibẹ̀ ní ihò wínníwínní bí afárá oyin, dúdú bí èédú, gbogbo omi ló ń fà mu. Lókè Buea, ní nǹkan bí 2,000 mítà, igi dáwọ́ dúró lójijì. Koríko ló kù.

Lọ́dún 1909 òkè náà bú gbàmù, ilẹ̀ mì, àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Kamẹrúùn nígbà náà sì kó olú ìlú wọn kúrò ní Buea lọ sí Douala. Lẹ́yìn ogun, Gẹ̀ẹ́sì pa agbègbè náà mọ́ àkóso Nàìjíríà títí di 1960, òkè yìí ló sì ga jù nínú gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àkóso yẹn. Ní 1922, òkúta yíyọ́ ṣàn gba inú oko ńlá Bibundi, ó sì wọ inú òkun. Ní 1999, òmíràn gba ojú títì etí òkun kọjá, ó ku nǹkan bí 200 mítà kó débi omi kó tó dúró.

Lórí pépà Moisel, etí òkun Bibundi ṣì rí bó ṣe rí kí iná tó débẹ̀.