Òṣómàáló Lẹ́bàá Táyà

Ọkọ̀ Peugeot 504 mi, ọ̀kan nínú irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, ti darúgbó, ṣùgbọ́n òun náà ni mo fi ń lọ sí Iléṣà. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi níbẹ̀, ọgbà mẹkáníìkì ní Òṣogbo ni ilẹ̀ ti mọ́ bá mi. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò ju ọmọ mi lọ, ti pààrọ̀ másítà àti àwọn rọ́bà bíréèkì. Mo nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Ó ku atẹ́gùn, Bàbá."

Mo tẹ bíréèkì wò. Ẹsẹ̀ mi rì bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Epo bíréèkì kì í súnkì. Agbára tí ẹsẹ̀ bá fi tì í ni yóò gbé dé ìdí táyà. Atẹ́gùn ní tirẹ̀ a máa súnkì, a sì gbé agbára náà mì.

Ó fi mí sí ìdí sítíárìn, òun sì lóṣòó ti táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, èyí tó jìnnà sí másítà jù. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹ má gbẹ́sẹ̀." Á fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré kan, epo àti atẹ́gùn á hó wọ inú ìgò. Á dè é kí n tó gbẹ́sẹ̀, kí atẹ́gùn má baà fà padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Mo kígbe pé òkú ń dúró. Ó ní, "Òkú kì í kánjú, Bàbá. Alààyè ni mò ń tọ́jú."

Ìlóṣòó rẹ̀ ló rán mi létí àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò tó ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́. Òṣó ni wọn yóò ló sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó yóò fi pé. Mo ti fi wọ́n dá àpárá ní kíláàsì láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n gbèsè tó ku kọ́bọ̀ kan, gbèsè ṣì ni. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni atẹ́gùn inú bíréèkì.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nítòsí Iléṣà, ọmọdé kan já wọ títì. Mo tẹ bíréèkì. Ó le bí òkúta, ọkọ̀ sì dúró. Ọmọ náà wò mí, ó sáré lọ.

Wọ́n ti sìnkú tán kí n tó dé. Àwọn ẹbí bá mi wí, n kò fèsì. Láti ọjọ́ náà, n kò fi òṣómàáló dá àpárá mọ́.