Gọ́ọ̀mù tí Ìmọ́lẹ̀ ń Mú Le

Kò sí ilé tí ohun èlò kì í gbé fọ́. Igbá a máa sán, àwo a máa bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ọwọ́ ife a máa kán, apá awò ojú a sì máa yọ ní ọjọ́ tí ẹni tí ó ni ín kò retí. Ní ilẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, láti Òsì títí dé Ìlọ́fà, àwọn ìyá àgbà kì í sáré kó ohun tí ó fọ́ dà sí ààtàn. Bí igbá bá sán, wọn a fi òòlu lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀bá ibi tí ó ti sán ní apá méjèèjì, wọn a sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rán an bí ẹni ń rán aṣọ. Igbá tí a rán bẹ́ẹ̀ lè má gba omi dúró bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n yóò gba èlùbọ́, yóò gba iyọ̀, yóò sì tún wúlò fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó rán an kò sì gbìyànjú láti fi ojú ìrán náà pamọ́. Gbogbo ẹni tí ó bá gbé igbá náà ni yóò rí i pé ó ti fọ́ rí, àti pé ẹnìkan kò fẹ́ kí ó ṣòfò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun gbogbo ni a lè rán. Àwo tánganran kò gba òòlu, bẹ́ẹ̀ ni dígí kò gbà á. Nítorí náà ni ọmọ aráyé fi ń wá ohun tí ń lẹ nǹkan mọ́ nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọdé ilẹ̀ wa mọ àtè, èyí tí wọ́n ń fi oje igi ṣe láti mú ẹyẹ. Àwọn káfíńtà ayé àtijọ́ mọ gọ́ọ̀mù tí a fi awọ àti egungun ẹran sè. Ní 1942, Harry Coover, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Kodak, ṣe alábàápàdé ohun olómi kan tí ń lẹ mọ́ gbogbo ohun tí ó bá kàn. Ìyọlẹ́nu ni ó kọ́kọ́ kà á sí, nítorí kì í ṣe ohun tí ó ń wá nìyẹn. Ó di 1958 kí wọ́n tó gbé e sí ọjà. Òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí súpà gúlù lónìí. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un le, ìdí nìyí tí kì í fi í tètè mú nígbà ọyẹ́ bí ó ti ń mú nígbà òjò. Àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé kò mọ sùúrù: bí a bá ti fi ohun kan lẹ òmíràn tí ó wọ́ díẹ̀, wíwọ́ náà ni yóò wà títí.

Gọ́ọ̀mù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olómi ni òun náà, ó sì mọ́ gaara. Bí ó bá wà nínú òkùnkùn, kò ní dì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń rọ ọ́ sínú túùbù dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá. Ẹni tí ń lò ó lè to ohun tí ó fọ́ pọ̀, kí ó tún un tò, kí ó wò ó lọ́tùn-ún lósì, kí ó sì nu ún kúrò bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìgbà tí ó bá tan ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ sí i ni yóò tó dì, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 10, yóò sì le bí ike líle.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ ronú sí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń ṣeré ní pápá, tí olúkúlùkù ń sá kiri bí ó ti wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà wẹ́wẹ́ inú gọ́ọ̀mù náà rí nígbà tí ó ṣì jẹ́ olómi. Ṣùgbọ́n láàárín wọn ni irú èròjà mìíràn wà, tí kò pọ̀ rárá, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa dúró de ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, a pín sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan a sì di ẹni tí ń wá ọwọ́ tí yóò dì mú lójú méjèèjì. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ dì mú náà a na ọwọ́ kejì sí ẹlòmíràn, ìyẹn a tún na ti rẹ̀, títí gbogbo pápá fi di ẹ̀wọ̀n gígùn tí ó so kọ́ra. Kò sí ẹni tí ó lè sá kiri mọ́. Olómi ti di líle nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ìmọ́lẹ̀ ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà epo pupa tàbí iná ààrò kò ní agbára rẹ̀. Èyí tí ó bá a mu ni ìmọ́lẹ̀ tí ó sún mọ́ àwọ̀ àlùkò, tàbí èyí tí ó kọjá àlùkò tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà láàárín nánómítà 365 sí 405. Oòrùn pàápàá ní irú ìmọ́lẹ̀ yìí nínú, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣí túùbù náà sílẹ̀ ní ìta gbangba lọ́sàn-án yóò bá ẹnu rẹ̀ ní dídì.

Ọgbọ́n fífi ìmọ́lẹ̀ mú nǹkan le kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1820 sí 1830, ará Faransé kan, Nicéphore Niépce, fi irú ọ̀dà kan pa ojú awo irin, ó sì rí i pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kàn le, ṣùgbọ́n ibi tí kò kàn ṣeé fọ̀ kúrò. Ọ̀nà yìí ni ó gbà ya àwòrán ìta fèrèsé ilé rẹ̀, èyí tí ó wà títí di òní. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n náà wọ ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn eyín. Ẹni tí ó bá ti lọ dí eyín ní ilé ìwòsàn ńlá láìpẹ́ yìí ti rí ọ̀pá kékeré tí ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró sí ẹnu. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Ohun tí ó sọ fìtílà bẹ́ẹ̀ di èyí tí a lè fi sí àpò ni iṣẹ́ Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, àwọn ọmọ ilẹ̀ Japan mẹ́ta tí wọ́n ṣe iná LED aláwọ̀ aró, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2014. Lónìí, àwọn tí ń tún fóònù ṣe ní Ìlọrin ń fi irú gọ́ọ̀mù yìí lẹ ojú fóònù, àwọn tí ń ṣe èékánná fún àwọn obìnrin náà sì ń lo ọ̀dà tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ lábẹ́ fìtílà kékeré.

Ọ̀nà ibẹ̀ ni ó gbà dé ilé bàbá kan ní Ìlọ́fà, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù, wá sílé fún ọdún Kérésìmesì, ó sì bá bàbá àgbà tí ó jókòó láìka ìwé. Apá awò rẹ̀ ti kán ní ìdè. Kò sí awò mìíràn, àtiṣe tuntun sì gba kí ó wọkọ̀ gba Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin, kí ó san owó ọkọ̀, kí ó san owó àyẹ̀wò, kí ó tún san owó awò, nínú owó ìfẹ̀yìntì tí kì í dé lásìkò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó ti ń bẹ ọmọ aládùúgbò pé kí ó máa ka Bíbélì sí òun létí.

Ọmọbìnrin náà mú túùbù àti tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde. Ó fi sípíríìtì nu ojú ibi tí ó kán, ó fi sáńpépà ha á kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi dì mú, ó kán an sí àárín méjèèjì, ó fún wọn pọ̀, ó sì tan iná sí i.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ojú iná yẹn o. Ó lè pa yín lójú lára.”

Bàbá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án, apá awò náà já bọ́ sílẹ̀. Awò dúdú ni; ìmọ́lẹ̀ kò lè la dúdú kọjá, nítorí náà gọ́ọ̀mù tí ó wà láàárín kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Èyí ni ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Láàárín dígí méjì, ó dára, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń ríbi kọjá. Láàárín ike dúdú, igi tàbí irin, ìta ni a níláti fi sí, kí ó yí ojú ibi tí ó kán ká bí ọ̀já.

Ìyá àgbà, tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ó ń ṣa ẹ̀wà, ni ó sọ ohun tí ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó ní, “Ṣé ẹ kò lè rán an ni?”

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin náà dákẹ́, ó ronú, ó sì fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú okùn iná àtijọ́. Ó gé e kéékèèké, ó tò ó dábùú ibi tí ó kán gẹ́gẹ́ bí okùn ojú igbá, ó sì ń kán gọ́ọ̀mù lé e lórí. Kò kán an nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí bí ó bá nípọn jù, òkè rẹ̀ a le, inú rẹ̀ a sì máa rọ̀. Ó kán ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tan iná sí i, ó yí i padà, ó tan iná sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún kán òmíràn, títí ó fi di ìpele mẹ́rin. Ojú rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀, bí irú rẹ̀ ti máa ń ṣe, nítorí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ìpele òkè pátápátá dì tán. Ó fi òwú àti sípíríìtì nu ún kúrò. Awò náà dúró. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé ká mọ́, nítorí pé ìdè ti di ọ̀kan pẹ̀lú gọ́ọ̀mù; bàbá sì so okùn mọ́ ọn, ó ń fi í kọ́ ọrùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ka orí méjì nínú Ìwé Òwe fún ara rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ aládùúgbò máa lọ ṣeré.

Ìròyìn iṣẹ́ yìí tàn kálẹ̀, wọ́n sì ń kó ẹrù wá. Ọmọbìnrin náà dá èyí tí ó pọ̀ jù padà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì àti àga rọ́bà kì í gba irú gọ́ọ̀mù yìí. Ojú wọn dàbí ewé kókò tí omi ń yọ̀ lórí rẹ̀, bí a tilẹ̀ ha wọ́n, yóò ṣí kúrò bí èèpo. Kẹ́tùlù àti ìkòkò kò yẹ ẹ́ pẹ̀lú, nítorí ooru a máa mú un rọ̀. Èyí tí ó fa àríyànjiyàn ni àwo tánganran ìyá àgbà, èyí tí a fi fún un nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, tí ó ti là sí méjì. Dídùn inú rẹ̀ ni pé a lẹ̀ ẹ́, ó sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ọmọ náà sọ pé kí wọ́n má ṣe bu ọbẹ̀ gbígbóná sí i. Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá. Kí ni àwo tí a kò lè fi jẹun wà fún? Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé pé díẹ̀ nínú èròjà náà lè wà tí kò dì tán, kò sì yẹ kí ó bá oúnjẹ wọ ikùn. Ìyá kò dáhùn. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i tí ó to obì sínú àwo náà fún àwọn àlejò.

Ọwọ́ ọmọ náà pẹ̀lú ní ìtàn. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni ó ń lò, kì í sì í ṣe fáàrí. Bí gọ́ọ̀mù tí kò tí ì dì bá ń kan awọ ara lemọ́lemọ́, ara lè kọ̀ ọ́ títí ayé, kí ìka máa yún kí ó sì máa bó. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn awọ ara ní Ìlú Ọba kéde ìkìlọ̀ nítorí àwọn tí ọ̀dà èékánná irú èyí ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ lè rí ìṣòro ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ dí eyín.

Ohun tí ó kù ni ọpọ́n obì. Ọpọ́n igi gbígbẹ́ ni, tí ó ní ọmọrí, tí a sì gbẹ́ ère ẹlẹ́ṣin sí i lára. Òsì ni baba bàbá ti rà á, ní ayé tí àwọn agbẹ́gilére Òsì lókìkí. Níbẹ̀ ni Àrèògún gbé ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1954, àwọn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní ilé ọnà ní òkè òkun; Báńdélé ọmọ rẹ̀ náà gbẹ́ igi fún Fadá Kevin Carroll ní Ọyẹ́-Èkìtì. A kò lè sọ pé àwọn ni wọ́n gbẹ́ ọpọ́n yìí, ilé kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ọmọrí náà ti sán láti etí dé àárín, ọmọbìnrin náà sì ti ṣí túùbù.

Bàbá àgbà wọ awò rẹ̀, ó wo ibi tí ó sán, ó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Bí o bá fi sí i, tí kò sì dára, ṣé ó ṣeé yọ?”

Kò ṣeé yọ. Ẹ̀wọ̀n tí ó ti so kọ́ra bẹ́ẹ̀ kò sí omi tí ó lè tú u; àfi kí a ha á, kí a sì ha igi mọ́ ọn. Àwọn tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ ní ilé ọnà kì í fẹ́ lo ohun tí a kò lè tú lọ́la. Igi pẹ̀lú kì í dúró lójú kan: ní ọyẹ́ a sún kì, ní òjò a wú, gọ́ọ̀mù líle kò sì lè bá a sún.

Ọmọbìnrin náà dé túùbù rẹ̀. Wọ́n fi òwú funfun di ọmọrí náà yíká kí ó má baà là sí i, wọ́n sì gbé ọpọ́n náà kúrò lẹ́bàá fèrèsé lọ sí igun yàrá, níbi tí oòrùn ọ̀sán kì í dé.