Ìrìn-Àjò Wa sí Erékùṣù Gberefu

Ifisin-Èkìtì ni ìlú wa. Kò jìnnà sí Ìdó-Èkìtì. Òkè àti igbó ni ó yí wa ká. Omi tí ó pọ̀ jù lọ tí mo ti fi ojú mi rí ni ti odò Ero tí ìjọba sé ní Ikun-Èkìtì kí àwọn ènìyàn lè máa rí omi ẹ̀rọ lò. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi sọ pé a ó lo ìsinmi Ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Àgbárá, àti pé a ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu ní Àgbádárìgì, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Ilẹ̀ tóóró kan ni Gberefu. Ọ̀sà wà ní apá kan rẹ̀, òkun ńlá sì wà ní apá kejì. Erékùṣù ni àwọn ènìyàn ń pè é, nítorí pé omi ni a ó là kọjá kí a tó dé ibẹ̀ láti Àgbádárìgì.

Àwa méje ni a fẹ́ lọ: bàbá mi, ìyá mi, Bàbá Kékeré tí í ṣe àbúrò bàbá mi, Táyé àti Kẹ́hìndé àwọn àbúrò mi, èmi fúnra mi, àti Yèyé àgbà tí ó bí bàbá mi. Yèyé àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ sì máa ń dùn ún. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró sinmi ní ilé ní Àgbárá títí a ó fi dé. Yèyé àgbà kọ̀. Ó ní, “Aya ọmọ mi, ẹ kò lè fi mí sílẹ̀. Èmi gan-an ni mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ níbẹ̀.” Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ní lọ́kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi dín àkàrà, ó sì kó o sínú abọ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ. Yèyé àgbà wọ ìró àti bùbá òfì, ó fi iyùn sí ọrùn bí ẹni tí ó ń lọ sí òde ìgbéyàwó. A gbéra ní agogo méje, a sì dé Àgbádárìgì láìpẹ́.

Ìlú àtijọ́ ni Àgbádárìgì. Àwọn Ègùn ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. A kọ́kọ́ lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní ọdún 1845. Ní ọdún 1845 náà ni Àjàyí Crowther dé Àgbádárìgì. Bàbá Kékeré, tí ó jẹ́ olùkọ́, sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Ọmọ Òṣogùn ni Àjàyí. Àwọn ajagun kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Wọ́n tà á káàkiri títí ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé. Òun ni ó kọ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1843, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Láti Àgbádárìgì ni ó ti lọ sí Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fi ojú kan ara wọn ní ọdún 1846.

Yèyé àgbà béèrè pé, “Ọdún mélòó ni ìyá náà fi retí rẹ̀?”

Bàbá Kékeré dáhùn pé, “Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Yèyé.”

Yèyé àgbà mi orí. Ó ní, “Ìyá náà ṣe oríire. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó retí títí tí wọn kò rí.”

Láti ibẹ̀, a lọ sí èbúté. Ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni a wọ̀. Kí a tó jókòó, atukọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó. Ó ní ẹnikẹ́ni tí kò bá wọ̀ ọ́ kò ní bá òun lọ, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja. Ó tún kìlọ̀ pé kí a má ṣe dìde dúró nínú ọkọ̀, kí a má sì na ọwọ́ sí omi. Ẹ̀wù ti Yèyé àgbà bo iyùn ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ni gbogbo wa bá rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ gbéra. Omi ọ̀sà náà pa rọ́rọ́. A rí àwọn apẹja tí wọ́n ń ju àwọ̀n, a sì rí igi àgbọn lọ rẹrẹẹrẹ ní etí omi. Bàbá Kékeré ṣàlàyé pé ọ̀sà yìí gùn láti ìhà Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ títí dé Èkó, àti pé odò Yewa ń ṣàn wọ inú rẹ̀.

Kẹ́hìndé béèrè bóyá inú omi yìí ni wọ́n ti rí iyùn ọrùn Yèyé àgbà. Bàbá Kékeré ní rárá. Ó ní ẹran omi kéékèèké ni ó ń ṣe iyùn. Egungun wọn ni ó ń le bí òkúta. Iyùn pupa tí àwọn ọba wa ń lò wá láti inú òkun tí ó wà láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ni wọ́n ń gbé e wá láyé àtijọ́. Ó ní irú àwọn ẹran omi bẹ́ẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń kọ́ ilé lé ara wọn lórí títí yóò fi di òkìtì ńlá nínú òkun. Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú wọn wà ní etíkun Ọsirélíà, ó sì gùn ju 2,000 kìlómítà lọ. Àwọn erékùṣù kan wà láyé tí ó jẹ́ pé orí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró lé. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná tí ó mọ́ gaara ni àwọn ẹran náà ń fẹ́. Àwọn odò wa ń kó ẹrẹ̀ àti yanrìn wọ inú òkun, nítorí náà etíkun wa kò bá wọn lára mu. Yanrìn tí ìgbì òkun kó jọ ni Gberefu.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọlọ́kadà sáré wá bá wa, nítorí pé ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun jìnnà díẹ̀, yanrìn rẹ̀ sì ń mú ẹsẹ̀ wọlẹ̀. Bàbá mi fẹ́ kí Yèyé àgbà gun ọ̀kan. Yèyé àgbà béèrè lọ́wọ́ afinimọ̀nà pé, “Ọmọ mi, àwọn tí wọ́n kó gba ibí kọjá, kí ni wọ́n gùn?” Ọkùnrin náà ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n. Yèyé àgbà ní, “Èmi náà yóò rìn ín.” Bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú, èmi di ti òsì. À ń rìn, à ń sinmi.

Bí a ti ń sinmi lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ igi àgbọn ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní láyé àwọn baba ńlá òun, ọmọbìnrin kan wà ní agbo ilé wa tí ó lọ pọn omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ajínigbé mú un lọ. Wọ́n rí ìkòkò rẹ̀ ní etí odò, wọn kò rí òun. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nígbàkígbà tí a bá jẹ iṣu tuntun, a máa ń bu ègé kan sọ́tọ̀ sínú àwo, tí ọmọ tí ó kéré jù yóò sì jẹ ẹ́ nígbà tí ó bá di alẹ́. Mo ti jẹ iṣu náà rí nígbà tí mo kéré. N kò mọ̀ pé ìpín ẹnì kan ni.

Kò pẹ́ tí a fi dé ìdí kànga kan. Afinimọ̀nà sọ pé ohun tí àwọn baba wọn sọ fún wọn ni pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi kànga náà mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Gbogbo wa dákẹ́. Nígbà náà ni ó fi kún un pé àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń dín àkàrà ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, acarajé ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń pe orúkọ Ṣàngó àti Yemọja níbẹ̀ títí di òní. Yèyé àgbà wo abọ́ àkàrà tí ó wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ní, “Bí omi yìí bá mú wọn gbàgbé ilé, ta ni ó wá kọ́ wọn ní àkàrà dídín?”

Níkẹyìn, a gbọ́ ariwo òkun kí a tó rí i. Òpó gíga méjì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í padà ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Bàbá Kékeré sọ fún wa pé, ní ohun tí ó lé ní 300 ọdún, àwọn ènìyàn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà kọjá òkun yìí lé ní mílíọ̀nù 12. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kú sójú omi. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà fún àwọn ènìyàn tirẹ̀ ní ọdún 1807, síbẹ̀ ó pẹ́ kí ó tó tán pátápátá.

Yèyé àgbà rìn títí omi fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé yóò pe orúkọ ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ní ilé wa. Ohun tí Yèyé àgbà ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé wa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ohùn rara. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ lórí yanrìn. Nígbà tí ó kì í tán, ó ní, “Wọ́n gba orúkọ rẹ̀, wọn kò gba oríkì rẹ̀. Ibikíbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá wà, ilé ń kí wọn.” Ìyá mi nu ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a jókòó, a jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Táyé ṣa ìkarawun títí àpò rẹ̀ fi kún. A padà sí èbúté kí oòrùn tó wọ̀, a sì dé Àgbárá láyọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, a jẹ iṣu tuntun ní Ifisin. Yèyé àgbà bu ègé kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kẹ́hìndé kò dúró kí wọ́n tó sọ fún un. Ó gbé àwo náà sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó tì í, ó sì ń ṣọ́ ọ kí adìyẹ má bàa ṣá a jẹ.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó fi hàn pé Yèyé àgbà ka ìrìn-àjò náà sí ohun pàtàkì?
2. Dárúkọ ohun méjì tí atukọ̀ kìlọ̀ fún wọn.
3. Báwo ni Gberefu ṣe yàtọ̀ sí erékùṣù tí ó dúró lórí òkìtì iyùn?
4. Kí ni ìdí tí Yèyé àgbà fi kọ̀ láti gun ọ̀kadà?
5. Kí ni Yèyé àgbà ní lọ́kàn nígbà tí ó béèrè ẹni tí ó kọ́ wọn ní àkàrà dídín?
6. Béèrè oríkì ìdílé rẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ.