Ayétòrò Tí Mo Mọ̀

Ọ̀gá mi gbọ́ pé àwọn apẹja Ayétòrò, ìlú etí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ, lówó lọ́wọ́, ló bá ní kí á kó aṣọ òkè lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ìlú náà lówó, àmọ́ wọn kò sọ ìyókù fún un.

Ọdún 1962 ni. Láti Ìlọrin a dé Òkìtìpupa, a dé Ìgbókọ̀dá, ọ̀nà mọ́tò tán, ó ku omi. Èmi tí n kò rí omi tó ju odò Àsà lọ rí! Nígbà tí mo gbọ́ ìró òkun, ojú ni mo dì.

Àwọn ará Ayétòrò gbà wá tọwọ́-tẹsẹ̀. Pákó ni wọ́n tẹ́ ṣe ojú ọ̀nà, òpó gbé e sókè omi. Orí pákó yẹn la ti kírun Àsárì. Ọ̀kan nínú wọn ló bu omi àlùwàlá fún wa, bẹ́ẹ̀ onígbàgbọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n. Ìyá kan mú púpurú wá, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí èéfín ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú. Ó fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ títí inú funfun fi yọ, ó gún un, ó jọ̀ ọ́, ó rò ó nínú omi gbígbóná. Ẹja tútù ni ọbẹ̀ rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ dé ìdí àwo.

Ọjà wá dé ojú ẹ̀. Kò sí ẹni tó ní owó tirẹ̀ lápò! Àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́, àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n sá fún inúnibíni, ló tẹ ìlú náà dó ní 1947. Ẹja tí o bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Owó rẹ̀, àpò kan ló ń lọ. Ìlú ló ń bọ́ ọ, ìlú ló ń daṣọ sí ọ lọ́rùn. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n sì ti ní iná mànàmáná láti 1953, nígbà tí agboolé wa ní Ìlọrin ṣì ń tan fìtílà. Ẹni tó ń tọ́jú owó ìlú yẹ etí aṣọ wa wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn náà ń hun. Ó ra díẹ̀. Àánú ló ṣe é, lójú tèmi.

Ọ̀gá mi ráhùn títí a fi délé. Ó ní ọmọ aráyé kò lè pa àpò pọ̀ pẹ́. Kò purọ́ tán: kí àwọn ọdún 1960 tó parí, oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun ló wá ṣe èyí tí owó kò lè ṣe. Ó gbé ilé, ó gbé ilé ẹ̀kọ́, ó gbé itẹ́ òkú. Ní 2004 ìjọba gbé iṣẹ́ ìdènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe, wọ́n tún gbé e fún òmíràn lẹ́yìn náà, ọdún ń gorí ọdún, a kò rí odi. Àwọn ará ibẹ̀ ń tú pákó ilé wọn, wọ́n ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń tún un kàn, wọ́n sì ń pẹja lọ.