Iná Tí Ilẹ̀ Kò Gbàgbé

Bí àgbẹ̀ bá ń kọ ebè ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láàárín Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ọkọ́ rẹ̀ a máa kan ìdàrọ́ nígbà mìíràn. A gbé e sọ sí etí oko, a sì tẹ̀ síwájú. Iléru àwọn tí wọ́n ń yọ́ irin láyé àtijọ́ lè wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣu ni òun ń wá.

Ilẹ̀ kì í tètè gbàgbé iná. Irin wẹ́wẹ́ ń bẹ nínú amọ̀. Bí iléru bá mú amọ̀ náà gbóná kọjá ìwọ̀n 600 Celsius, tí ó sì wá tutù, irin wẹ́wẹ́ wọ̀nyí yóò kọ ojú sí ibi tí òòfà ayé kọ ojú sí lọ́jọ́ náà, wọn yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ẹ̀rọ tí ń wọn agbára òòfà, tí ènìyàn ń gbé rìn láti poro dé poro, lè mọ ibi tí wọ́n wà láìjẹ́ pé a gbẹ́ ilẹ̀ rárá.

Ní 1958 ni Martin Aitken, ará Oxford, fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí iléru àwọn amọ̀kòkò ayé Róòmù ní Water Newton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn tí ń la títì tó dé ibẹ̀. Ní Borno níhìn-ín, Carlos Magnavita àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òòfà rí yàrà tí ó yí Zilum ká, ibùdó tí ènìyàn ti gbé ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú ìbí Jésù.

Ẹsẹ̀ ni Robert Soper àti Patrick Darling fi rin odi Ọ̀yọ́-Ilé kí àwòrán rẹ̀ tó jáde ní 1980. Odi náà ṣe é fojú rí, ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ sì yí i ká láti 1991. Igbó Ọba ní Ìgbòho, níbi tí a sin Aláàfin mẹ́rin sí, ní orúkọ tí ń ṣọ́ ọ. Iléru inú oko kò ní odi, kò ní orúkọ.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe babaláwo. Irin pọ̀ nínú yangí, ariwo rẹ̀ a sì máa bo ohùn iléru. Orí ọkọ́ kan tí ó já sọnù lè tan oníṣẹ́ jẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n yóò kọ́kọ́ bi àgbẹ̀ léèrè ibi tí ó ń kó ìdàrọ́ jọ sí.

Kí ó tètè bi í. Katakata a máa wọlẹ̀ ju ọkọ́ lọ. Bí ó bá fọ́ ìdí iléru, amọ̀ jíjóná náà ṣì wà nínú oko, ṣùgbọ́n èérún kọ̀ọ̀kan ti kọ ojú sí ibi tirẹ̀. Ẹ̀rọ yóò kọjá lórí wọn, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ohùn iléru náà kedere mọ́.