Pìánò Kò Pe Ìyá Àgbà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bi mí pé kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú kíkọ orin sórí ìwé. Mo ní kí n dá wọn lóhùn lónìí.

Ní ọdún 2003, nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Mowe ni mo ti ń lo ìsinmi mi. Mo ní kíbọọ̀dù kékeré kan tí kì í fọhùn àfi bí iná bá dé tàbí bí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Mo mú oríkì ìyá àgbà, mo wá ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè rẹ̀ lórí kíbọọ̀dù náà, mo sì sọ ọ́ di orin pìánò. Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dùn o, Àkànní, ṣùgbọ́n kò pè mí."

Òtítọ́ ẹ̀dá-èdè pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Ẹ pe 'rárà', èyí tí à ń sun. Ohùn ìsàlẹ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣàdédé já lulẹ̀ láti òkè. Ńṣe ló ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ pe 'ìwé', ẹ ó gbọ́ bí ohùn òkè rẹ̀ ṣe ń yọ̀ gòkè. Onídùndún ń fún ọsán ìlù rẹ̀, ó sì ń dẹ̀ ẹ́, nítorí náà yíyọ̀ yìí kò nira fún un. Pìánò ní tirẹ̀ dà bí àtẹ̀gùn: bí o kò bá sí lórí ọ̀kan, o wà lórí èkejì.

Akin Euba, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1935, tí ó sì di olóògbé ní 2020, kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London láti 1952 sí 1957. Ní 1963, nígbà tí ó tún ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Los Angeles, ó kọ Igi Nlá So fún pìánò kan àti ìlù Yorùbá mẹ́rin. Ẹ kíyè sí i pé kò fi pìánò nìkan sílẹ̀ kó máa dá sọ̀rọ̀. Orin dùndún kan náà ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon, ní Ghana, ní 1974. Ìwọ̀nba akọrin ló ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Èmi kò ní onílù mẹ́rin ní Mowe. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàfò, níbi tí ọ̀rẹ́ mi kan ti ní kọ̀ǹpútà tí FruityLoops wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ènìyàn lè mú ohùn kan, kí ó fà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ láìjẹ́ kí ó já. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi fa oríkì náà bẹ́ẹ̀, tí ariwo ọkọ̀ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo kó o sínú CD, mo gbé e délé. Ìyá àgbà tẹ́tí sí i díẹ̀, wọ́n sì dáhùn: "Òo!"

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ orin kan fún fáólìnì méjì àti sẹ́lò, torí pé ìka a máa yọ̀ lórí okùn wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yọ̀ lórí okùn gòjé. Ẹnikẹ́ni kò tíì ta á títí di òní. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Ẹni tó bá mọ fáólìnì í ta nínú yín, kó wá gbà á.