Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Abọ́ Ológbò

Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn ilé Yorùbá, ológbò ni oúnjẹ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ká ẹnikẹ́ni lára, nítorí ìgbàgbọ́ pé èkúté orí àjà ni yóò máa pa jẹ, tí wọn yóò sì fi ìwọ̀nba ẹ̀bà tí wọ́n po mọ́ ọbẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ètò yìí kò burú níbi tí èkúté bá pọ̀ sí, torí pé ẹran, ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti egungun wẹ́wẹ́ èkúté ni ohun tí ara ológbò ń béèrè pé sí. Ṣùgbọ́n ológbò tí wọ́n há mọ́ inú ilé ní Èkó kò rí èkúté pa. Ohun tí wọ́n bá bù fún un nìkan ló ní.

Ajẹran pọ́ńbélé ni ológbò, ìyẹn ni pé oúnjẹ tó hù láti inú ilẹ̀ kò lè dá gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró, bó ti wù kó yó tó. Táúrìnì jẹ́ àpẹẹrẹ kan: èròjà inú ẹran ni, pàápàá ọkàn ẹran, kò sí nínú gààrí tàbí ìrẹsì, ara ológbò kò sì lè pèsè rẹ̀ tó. Bí kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, iṣan ọkàn rẹ̀ yóò sì dẹ̀ débi pé kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́. Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Davis fi hàn pé àrùn ọkàn yìí lè san bí wọ́n bá fún ológbò ní táúrìnì, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ológbò sì fi kún èyí tí wọ́n ń fi sí i.

Ti epo pupa ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ohun tó mú epo pọ́n ni ara ọmọ ènìyàn ń sọ di fítámì A, tó ń ṣe ojú lóore. Ara ológbò kò lè sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, nítorí náà, bí ẹ̀bà rẹ̀ tilẹ̀ pọ́n rokoso, inú ẹ̀dọ̀ ẹran ni yóò ti rí fítámì náà, díẹ̀ ló sì tó, torí àpọ̀jù rẹ̀ a máa sọ egungun ọrùn di líle.

Àlùbọ́sà ló léwu jù nínú ọbẹ̀, ìbáà jẹ́ tútù tàbí sísè, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ológbò jẹ́. Kí ẹni tó ń dáná jọ̀wọ́ bọ ẹja tàbí ẹran ológbò sọ́tọ̀, kí àlùbọ́sà tó wọ ìkòkò.